Jáàkì Ń Gbé Mọ́tò Sókè, Kì í Dì í Mú

Ìró tí mo gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn ò pọ̀. Ó kàn dún "gbì" lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn bá ju àpò gaàrí sílẹ̀. Mo ti yọ táyà iwájú lápá ọ̀tún, mo ti wà lábẹ́ Corolla mi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mò ń wá ibi tí ọ́ìlì ti ń jò. Sípánà tí mo mú dání tóbi jù, ni mo bá yọ́ jáde láti lọ mú nọ́ńbà 14. Mi ò tíì débi àpótí irinṣẹ́ tí mo fi gbọ́ ìró yẹn. Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, mọ́tò ti jókòó sílẹ̀. Àwo bíréèkì ti wọnú iyanrìn bí ìka méjì, jáàkì ti dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Páálí tí mo tẹ́ sùn ṣì wà níbẹ̀, abẹ́ ẹ́ńjìnnì sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, níbi tí orí mi wà gan-an.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi. Ìyàwó mi jáde, ó wo mọ́tò, ó wo páálí, ó káwọ́ lérí. Kò bá mi jà. Ó ṣáà ń wo páálí yẹn ni. Ọdún kẹsàn-án rèé, mi ò tíì wọ abẹ́ mọ́tò bẹ́ẹ̀ mọ́ látọjọ́ náà.

Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú nílùú Èkó, ilé wa sì wà ní Bàrígà. Àmọ́ owó iṣẹ́ ti wọ́n, ọ̀pọ̀ wa ló sì ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì fúnra wa, tá à ń pààrọ̀ bíréèkì, tá à ń yẹ abẹ́ mọ́tò wò lọ́jọ́ ìsinmi. Mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ má ṣe é. Èmi náà ń ṣe é. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ ara yín rìn jáde níbẹ̀ ni.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ká mọ ohun tá à ń sùn sábẹ́ ẹ̀. Corolla kékeré bíi tèmi lé ní kìlógíráàmù 1,100. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 50. Ẹ ṣírò ẹ̀: àpò sìmẹ́ńtì 22 ló wà lókè yín, iwájú tí ẹ́ńjìnnì wà ló sì wúwo jù, á tó bí àpò méjìlá nínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n to àpò sìmẹ́ńtì méjìlá sórí irin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ kó wá lọ sùn sábẹ́ ẹ̀. Ohun tá à ń ṣe nìyẹn o, torí pé ó pe ara ẹ̀ ní mọ́tò, tí ojú wa sì ti mọ́ ọn.

Jáàkì àti sítáǹdì

Ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Ládípọ̀, ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà mọ́tò, ló là mí lójú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo ní kó bá mi wá jáàkì tó lágbára ju tàtijọ́ lọ. Ó wò mí títí, ó ní: "Àbúrò, alábàárù ni jáàkì. Á bá ẹ gbé ẹrù dórí. Má wá ní kó gbé e dúró títí wàá fi sùn tí wàá fi jí." Kò ta jáàkì fún mi lọ́jọ́ yẹn. Sítáǹdì méjì, irin ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń gbé mọ́tò lé lórí, ló ní kí n lọ rà.

Òótọ́ ló sọ. Jáàkì tó ń lo ọ́ìlì, ọ́ìlì inú ẹ̀ ló ń ti irin sókè, rọ́bà róbótó kan báyìí ló sì ń dá ọ́ìlì náà dúró. Bí rọ́bà yẹn bá gbó, ọ́ìlì á máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, mọ́tò á sì máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tẹ́ ẹ ò ní mọ̀. Nígbà míì, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń yí, tó máa ń bá mọ́tò wá nínú bọ́ọ̀tù, kò lọ́ìlì, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ kéré. Bí mọ́tò bá sún síwájú bí íǹsì kan péré, jáàkì yẹn á dà. Táyà ni wọ́n ṣe é fún: ẹ yọ táyà, ẹ fi òmíì sí i, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má fi sùn sábẹ́ mọ́tò láéláé, kì báà ṣe tuntun nínú páálí.

Bí jáàkì ọ́ìlì bá wà nílé yín, ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e, àní láti fi gbé mọ́tò lásán. Ẹ fi gbé e sókè, ẹ fi rúlà wọn bí ibi kan lára mọ́tò ṣe ga sílẹ̀ tó, kẹ́ ẹ jìnnà sí i fún ìdajì wákàtí. Bẹ́ ẹ bá padà dé tó ti wálẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ rí ọ́ìlì tó rin lẹ́sẹ̀ jáàkì, ẹ gbé e lọ tún ṣe tàbí kẹ́ ẹ jù ú nù.

Sítáǹdì ló ń di mọ́tò mú. Irin lásán ni, kò ní ọ́ìlì, kò ní rọ́bà, kò sí ohun tó máa jò lára ẹ̀. Méjì lẹ máa rà, ẹ má ra ẹyọ kan. Ẹ wo ara ẹ̀, wọ́n máa ń kọ iye tọ́ọ̀nù tó lè gbé síbẹ̀; 2 tàbí 3 tó fún mọ́tò kékeré. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ yí i po. Ẹ wo gbogbo ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ bóyá ó ti sán. Ẹ gbé e sílẹ̀ pẹrẹsẹ kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ kan ò kanlẹ̀. Ẹ fa òkè ẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára yín kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá eyín ẹ̀ ń mú dáadáa. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé irin gbọọrọ kan ni wọ́n ń kì bọ ihò ara ẹ̀ láti fi dì í. Mo ti rí i tí wọ́n fi ìṣó ńlá rọ́pò irin yẹn. Ẹ má rà á.

Búlọ́ọ̀kù ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, torí kò sí àdúgbò tí mo dé tí mi ò ti rí mọ́tò lórí búlọ́ọ̀kù. Wọ́n á ní ṣebí búlọ́ọ̀kù ló gbé ilé alájà méjì dúró. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹrù ilé tẹ́ sórí gbogbo ara ẹ̀ ni, sìmẹ́ńtì sì wà láàárín. Irin abẹ́ mọ́tò, ojú kan ṣoṣo ló ń tẹ̀. Yanrìn àti sìmẹ́ńtì ni búlọ́ọ̀kù, kì í tẹ̀ kó tó fọ́, kì í dún kó tó fọ́. Á kàn fọ́ ni. Èyí tó ní ihò àti èyí tí kò ní ihò, ọ̀kan náà ni lọ́dọ̀ mi. Bíríkì náà ńkọ́? Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.

Ilẹ̀ Èkó ò ṣeé fọkàn tán

Ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn kì í ṣe ẹ̀bi jáàkì nìkan. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Àdúgbò wa ò jìnnà sọ́sà, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló sì jẹ́ ẹrẹ̀ tí wọ́n da iyanrìn lé lórí. Tẹ́ ẹ bá wo òkè, ẹ máa rò pé ilẹ̀ ti gbẹ. Ẹ gbé ẹsẹ̀ jáàkì lé e, kẹ́ ẹ gbé kìlógíráàmù ẹgbẹ̀ta lé jáàkì, á máa rì bí àtàǹpàkò nínú ẹ̀bà.

Kọ́ńkéré tó tẹ́jú tó sì le ló dára jù. Íńtálọ́ọ̀kì dára tó bá dì mọ́ra, àmọ́ ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kiri kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá ń mì, yanrìn abẹ́ ẹ̀ ti ṣàn lọ. Ẹ má ṣe gbé mọ́tò sókè lórí ìdérí gọ́tà, kódà bí mọ́tò bá ń gba orí ẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Ẹ má ṣe é lórí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀, ẹ má sì ṣe é létí títì tí dáńfó ti ń fi ẹ̀gbẹ́ yí kọjá.

Tó bá jẹ́ iyanrìn nìkan lẹ ní, ẹ wá pákó. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Èbúté Mẹ́ta, mo ní kí wọ́n gé igi líle fún mi, tó nípọn ní íǹsì méjì, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan lọ́nà méjèèjì. Mẹ́ta ni mo gé: méjì fún sítáǹdì, ọ̀kan fún jáàkì. Pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe sílíǹgì ò lè ṣe é, á là sí méjì. Mo tún ní kí wọ́n gé igi mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀ dagẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀là àgbọn, láti fi há táyà. Tí òjò bá ti rọ̀ lóru, pákó tàbí kò sí pákó, èmi ò kì í ṣe é lórí iyanrìn mọ́. Mo máa ń dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni.

Kí mọ́tò má baà sún

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ. Èèyàn á fà háńdìbíréèkì, á fi gíà sí P (gíà ìdúró), á ní ó parí. Kò parí. Nínú Corolla, Camry àti ọ̀pọ̀ mọ́tò tá à ń wà, táyà iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń yí, nítorí náà táyà iwájú nìkan ni P ń dì mú. Háńdìbíréèkì, tẹ̀yìn ló ń dì mú. Bẹ́ ẹ bá wá gbé ẹ̀yìn sókè, táyà tí háńdìbíréèkì dì mú ti wà lófuurufú. Bẹ́ ẹ bá gbé iwájú, P ti lọ, ó wá ku háńdìbíréèkì nìkan, ẹ sì mọ bí háńdìbíréèkì ọ̀pọ̀ mọ́tò tòkunbọ̀ ṣe rí. Kódà bó bá jẹ́ táyà iwájú ẹyọ kan lẹ gbé, P ò lè dá a dúró: èyí tó wà lókè á máa yí lófìfo, èyí tó wà nílẹ̀ á sì ráyè yí pẹ̀lú ẹ̀.

Ìdí tí igi há-táyà fi ṣe pàtàkì nìyẹn. Ẹ fi gíà sí P, ẹ fà háńdìbíréèkì, kẹ́ ẹ wá fi igi há àwọn táyà tó máa kù nílẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn táyà kọ̀ọ̀kan, kó fún un pinpin. Òkúta róbótó máa ń yí, ẹ má lò ó. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò, ẹ fi sápò ṣòkòtò yín. Kì í ṣe sórí bóńẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe fún ọmọdé. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́tò pa. Ọmọ tó fẹ́ wọlé lọ tan rédíò ò mọ̀ pé bàbá òun wà nísàlẹ̀.

Gbígbé e

Ẹ tú nọ́ọ̀tì táyà dẹ̀ díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ń fi gbogbo ara tú nọ́ọ̀tì lórí jáàkì, ó ń ti mọ́tò dànù ni.

Ẹ wo etí ìsàlẹ̀ mọ́tò, lẹ́yìn táyà iwájú àti níwájú táyà ẹ̀yìn. Ẹ máa rí ibi tí wọ́n gé sí i lára, bí àlàfo eyín. Ibẹ̀ ni jáàkì ń gbà. Ìwé tó bá mọ́tò wá máa ń fi ibòmíì tí sítáǹdì lè gbà hàn pẹ̀lú. Ẹ má ṣe ki jáàkì bọ abẹ́ agbada ọ́ìlì, á fọ́. Ẹ má sì gbé e sórí irin tó ti dógùn-ún tó ń rún lábẹ́ ìka. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń la omi àgbàrá kọjá lọ́dọọdún ló ti jẹrà níbẹ̀.

Iwájú nìkan, tàbí ẹ̀yìn nìkan. Ẹni tí kò bá ní àyè iṣẹ́ tó péye kò gbọ́dọ̀ gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ gbé apá kan sókè, ẹ ki sítáǹdì bọ̀ ọ́, ẹ gbé apá kejì, ẹ ki èkejì bọ̀ ọ́, kí gíga wọn dọ́gba. Ẹ sọ jáàkì kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ẹ ó fi rí i pé orí sítáǹdì ni mọ́tò jókòó sí. Ọwọ́ yín ò gbọ́dọ̀ sí láàárín sítáǹdì àti mọ́tò ní gbogbo àsìkò yìí. Ẹ di ẹsẹ̀ sítáǹdì mú láti fi tì í. Ẹ wá tún gbé jáàkì padà kó kàn fara kan mọ́tò, láì gbé e. Táyà tẹ́ ẹ yọ náà ò gbọdọ̀ jókòó lásán: ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ sábẹ́ etí mọ́tò. Bí gbogbo nǹkan bá já, orí táyà ni mọ́tò máa bà lé, ààyè díẹ̀ á sì ṣẹ́ kù. Ẹ máa gbé táyà ìpààrọ̀ inú bọ́ọ̀tù sí apá kejì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dìde dúró, kẹ́ ẹ ti mọ́tò. Ẹ fi èjìká sún un láti ẹ̀gbẹ́, ẹ tì í láti iwájú. Ó dáa kó ṣubú nígbà tẹ́ ẹ wà lóròó lẹ́yìn òde ju ìgbà tẹ́ ẹ wà lábẹ́ ẹ̀ lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ tá a fi ń gé ìwé, nǹkan àkọ́kọ́ tá a máa ń kọ́ ọ ni pé ọwọ́ kì í wọ abẹ́ ọ̀bẹ, ì báà jẹ́ pé iná ò sí. Bí mo ṣe ń ti mọ́tò yìí náà nìyẹn. Mi ò kì í bi ara mi bóyá ó yẹ. Mo máa ń tì í ni.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wà lábẹ́

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan mọ̀. Kò ní láti mọ iṣẹ́ mọ́tò. Ìyàwó mi máa ń gbé àpótí jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa ṣa ẹ̀wà. Ní gbogbo ìṣẹ́jú mélòó kan á ké pè mí: "Dádì, ṣé ẹ wà ńbẹ̀?" Èmi náà á dáhùn: "Mo wà o." Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń ké, kò ní gbọ́ mi, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á wo ẹsẹ̀ mi, màá mi ẹsẹ̀ fún un. Fóònù mi máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi lábẹ́ ibẹ̀, kì í ṣe nínú ilé. Tí kò bá sẹ́nì kankan nílé, iṣẹ́ abẹ́ mọ́tò ò sí lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Sáléńsà tó gbóná á bó ara, ọ́ìlì tó gbóná á sì dà sí yín lápá. Ẹ dúró bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ bọ́ ẹ̀wọ̀n ọrùn. Ẹ wọ awò ojú, èyíkéyìí. Iyanrìn àti ìpẹtà máa ń já sójú gan-an nígbà tẹ́ ẹ bá kan irin. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fọwọ́ kan sítátà, ẹ kọ́kọ́ yọ orí bàtìrì, èyí tó ní àmì ìyọkúrò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ, torí wáyà ńlá tó lọ sídìí sítátà kì í kú bẹ́ ẹ tilẹ̀ pa mọ́tò. Tó bá sì jẹ́ iṣẹ́ táńkì tàbí páìpù tí epo ń gbà ni, iná sìgá, àtùpà, jẹnẹrétọ̀, kí gbogbo ẹ̀ jìnnà. Tọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ lò. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, ẹ jáde kẹ́ ẹ tó máa wá ìmọ́lẹ̀ kiri.

Nọ́ọ̀tì tó bá kọ̀ láti tú, ẹ má ṣe fi agbára fà á láti abẹ́. Ibẹ̀ ni mọ́tò ti ń mì kúrò lórí sítáǹdì. Ẹ fi ọ́ìlì tó ń rọ ìpẹtà fín in lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ lù ú díẹ̀ kó gbọ̀n. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì nígbà tẹ́nikẹ́ni bá wà lábẹ́. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ jáde. Kí ẹ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ ka irinṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ wo abẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ológbò wa ti sùn síbẹ̀ rí. Ọ́ìlì dúdú tẹ́ ẹ bá tú, ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ gbé e sínú kẹ́ẹ̀gì, àwọn tó ń fi kun pákó á rà á.

Bí mọ́tò bá já lu èèyàn

Ẹ má fa ẹni náà lápá jáde, ẹ má sì tan mọ́tò kẹ́ ẹ lè wà á kúrò. Ẹ ki jáàkì bọ ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ ọn, ẹ gbé e, ẹ máa to igi sábẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e. Bó bá jẹ́ àyà ló tẹ̀, kò sáyè àtilọ wá irinṣẹ́. Gbogbo ilé ló máa jáde, kí wọ́n para pọ̀ gbé e sókè. Kí ẹnì kan pe 767 tàbí 112, wọn ò gba owó ìpè ní Èkó. Bẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́, ilé ìwòsàn ló kàn, kódà bó dìde tó ní kò sóhun tó ṣe òun. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú tí ojú ò ní rí i.

Láàárín ọdún mẹ́sàn-án yìí, gbogbo ilé ti mọ̀ pé mo ní jáàkì. Ọmọ aládùúgbò wa kan, tó ń fi mọ́tò ṣiṣẹ́ kábú, wá yá a ní Sátidé tó kọjá. Ó ní, "Bọ̀dá, jáàkì nìkan ni mo fẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ni." Mo ti fi okùn kan so jáàkì yẹn mọ́ sítáǹdì méjèèjì àti pákó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó lè mú ọ̀kan kó fi ìyókù sílẹ̀. Ó kùn díẹ̀, ó ní ó wúwo. Mo bá a gbé apá kan ẹ̀ dé ìdí mọ́tò, mo sì jókòó sórí táyà títí ó fi ṣe tán.